Kí A Tó Jí Ìjàpá Bàbá Lójú Oorun
Bí a ti ń fọ ọ̀nà epo ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ti dúró pẹ́

Bí ẹ bá rìn yí ilẹ̀ wa ká, láti Abẹ́òkúta dé Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ìbàdàn dé Oǹdó, ẹ kò ní ṣàì rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan tí ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò, tàbí sínú gáréèjì tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti ń já bọ́. Afẹ́fẹ́ ti tán nínú táyà rẹ̀, adìẹ ti ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ti fi ìka kọ orúkọ wọn sára eruku gíláàsì rẹ̀. Ẹni tí ó rà á lè ti fẹ̀yìntì, ó sì lè ti dolóògbé. Síbẹ̀ àwọn ọmọ kò jẹ́ tà á, nítorí pé òun ni bàbá fi ń gbé wọn lọ sí ilé ìwé, òun náà ni a sì fi gbé ìyá wọn dé ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ tí a bí àbíkẹ́yìn.

Bí ó bá di ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà yóò ti Èkó tàbí òkè òkun dé. Yóò wo ọkọ̀ náà títí, yóò sì wí pé, "Ẹ jẹ́ kí a jí i." Wọn yóò ra bátìrì tuntun, wọn yóò da gálọ́ọ̀nù epo kan sí i, ẹnì kan yóò wọlé jókòó, yóò sì yí kọ́kọ́rọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. A kì í yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí ó ti sùn pẹ́ kí a tó fọ ọ̀nà epo rẹ̀ láti inú táńkì títí dé kabúrétọ̀, kí a sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí ó wà lójú ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá fo èyí, bí orí bá bá a ṣe é, owó ni yóò fi gbára; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iná ni. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé kí a lọ sùn.

ỌKỌ̀ TÍ A Ó FI ṢE ÀPẸẸRẸ

Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Èyí ni Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá nítorí ìrísí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Badagry, Ìjàpá sì wà lára àwọn tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba ni ó jẹ́ pé òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní láyé wọn. Ní gbogbo ayé, iye Ìjàpá tí a ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ. Èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní ìlú Puebla, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003. Nítorí náà kò sí Ìjàpá kan lónìí tí a lè pè ní ọmọdé.

Ẹni tí ó ní Peugeot 404, Peugeot 504 tàbí Morris Minor lè máa bá wa kà á lọ. Ibi tí a gbé nǹkan sí nínú ọkọ̀ wọ̀nyí yàtọ̀, ṣùgbọ́n àìsàn wọn àti oògùn rẹ̀ jọra.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà náà. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni táńkì epo wà. Ó ń gba nǹkan bí lítà 40. Láti ìdí táńkì ni epo ti ń gba inú rọ́bà kúkúrú kan bọ́ sínú páìpù irin tín-ín-rín, èyí tí ó gba àárín ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní ẹ̀yìn, rọ́bà mìíràn gbà á lọ́wọ́ páìpù, ó gbé e fún pọ́ńpù tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń mú ṣiṣẹ́. Pọ́ńpù yìí ni ó ń ti epo gba inú rọ́bà kẹta lọ sí kabúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pàdé afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì lọ jó. Táńkì, rọ́bà, páìpù, rọ́bà, pọ́ńpù, rọ́bà, kabúrétọ̀: ẹ fi ètò yìí sọ́kàn, nítorí bí epo ti ń rìn ni àwa náà yóò ti máa rìn.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍGBÀ TÍ ỌKỌ̀ BÁ Ń SÙN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé epo bẹntiróò kì í bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo yìí kì í ṣe nǹkan ẹyọ kan. Àdàlù oríṣiríṣi epo ni, àwọn kan fúyẹ́, àwọn kan wúwo. Àwọn tí ó fúyẹ́ ni ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbá, àwọn náà ni ó sì ń kọ́kọ́ fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀ epo náà kò ní agbára tí ó ní tẹ́lẹ̀ mọ́. Èyí tí ó kù yóò máa bá afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò máa ki, títí yóò fi di ohun kan tí ó lẹ̀ bí àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ. Bí ẹ bá ṣí ìdérí táńkì tí òórùn tí ó kan yín nímú bá kan bí ọ̀dà tí a fi ń kun àga, ẹ mọ̀ pé kò sí epo nínú rẹ̀ mọ́, àtè ni.

Ọ̀tá kejì ni omi. Táńkì tí kò kún ní afẹ́fẹ́ nínú, afẹ́fẹ́ náà sì ní ọ̀rinrin. Lọ́sàn-án oòrùn á mú táńkì gbóná, lóru á tutù, ìrì á sẹ̀ sí ara irin nínú rẹ̀ bí ó ti ń sẹ̀ sórí koríko. Omi wúwo ju bẹntiróò lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni yóò lọ jókòó sí, yóò sì máa jẹ irin táńkì níbẹ̀. Ara irin tí epo kò bò lókè yóò dógùn-ún pẹ̀lú. Bí a bá fi ọdún mélòó kan ṣe èyí, ìpáàrà inú táńkì lè tó ẹ̀kúnwọ́.

Ọ̀tá kẹta ni a kì í fojú rí títí ọ̀ràn yóò fi bẹ́ sílẹ̀. Òun ni rọ́bà tí ó ti gbó. Rọ́bà epo tí ó ti pẹ́ a máa le bí igi, á sì máa lá nínú. Rọ́bà tí a fi aṣọ híhun bò lára tilẹ̀ léwu jù, nítorí aṣọ náà kò ní jẹ́ kí a rí ibi tí ó ti ya. Yóò dúró bí èyí tí kò ṣe nǹkan kan ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kò rìn. Ọjọ́ tí pọ́ńpù bá kọ́kọ́ ti epo gbà á ni yóò là, epo yóò sì máa ta sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná.

Ẹ gbọ́ ìdí tí èyí fi burú fún Ìjàpá ju ọkọ̀ mìíràn lọ. Irin fúyẹ́ kan tí ń jẹ́ magnesium ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi dá àpótí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí iná epo bá pẹ́ lára rẹ̀ tí ó sì ràn mọ́ ọn, ń ṣe ni yóò máa tàn yanran bí iná àwọn tí ń jó irin pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì da omi lù ú, a jẹ́ pé ó tún dá kún un ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gba ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti di eérú.

ORÍSUN NI KÍ A WÒ

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan jogún Ìjàpá lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń gbá, ó ń kú. Wọ́n tú kabúrétọ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, ọkọ̀ rìn dé ọjà, ó tún kú. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n fọ kabúrétọ̀ yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó sú u, ó lọ bá àgbà mẹkáníìkì kan tí ó ti fẹ̀yìntì. Bàbá náà kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní, "Tíṣà, bí omi àmù yín bá ń rùn, ṣé ife tí ẹ fi ń mu ún ni ẹ ó máa fọ̀ lójoojúmọ́?"

Ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Àmù ni n ó lọ fọ̀."

Ọ̀rọ̀ àgbà yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé lórí. Kabúrétọ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí fúnra rẹ̀. Láti táńkì ni a ti ń kó o ránṣẹ́ sí i. Nítorí náà iwájú ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa bọ̀ wá sí ẹ̀yìn.

KÍ A TÓ FI ỌWỌ́ KAN NǸKAN

Ẹ ti ọkọ̀ náà jáde sí gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ fi òkúta tì í ní táyà. Ẹ yọ okùn bátìrì kúrò. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà. Kí sítóòfù, jẹnẹrétọ̀ àti sìgá jìnnà sí ibẹ̀. Kí àwọn ọmọdé náà jìnnà pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ni ó ń gbà rìn, ó sì lè rìn jìnnà lọ bá iná tí a dá sí ẹ̀yìnkùlé. Kí ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun àti garawa iyanrìn gbígbẹ wà nítòsí. Omi kọ́ ni a fi ń pa iná epo.

A KÌ Í FI ẸNU FA EPO

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí a tú epo àtijọ́ dànù kúrò nínú táńkì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi rọ́bà sí ẹnu fa á. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ewu tí ó tóbi jù nínú epo tí ènìyàn gbé mì kì í ṣe ti inú ikùn. Ti ẹ̀dọ̀fóró ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà ibi tí à ń mí sí lọ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ dé ojú ikú. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Bí ó bá ti ń bì í, bẹ́ẹ̀ ni epo náà yóò tún máa rí ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, Ìjàpá kò nílò pé kí a fa epo rẹ̀. Táńkì wà lókè, rọ́bà ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ní iwájú. Bí a bá gbé agolo tí ó ní ìdérí sí abẹ́ rẹ̀, tí a sì yọ rọ́bà náà, epo yóò ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Bí kò bá ṣàn, a jẹ́ pé asẹ́ tí ó wà ní ìdí táńkì ti dí pátápátá, àmì burúkú sì ni.

Ẹ fi ọ̀wọ̀ wọ epo tí ẹ bá tú jáde. Bí ọkọ̀ náà bá ti ń sùn láti ìgbà pípẹ́, ó lè jẹ́ epo tí a po òjé mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni títà irú epo bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ dópin ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, Algeria ni ó sì kẹ́yìn gbogbo ayé ní ọdún 2021. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà ẹ má ṣe fi epo náà fọ ọwọ́, ẹ má dà á sí kòtò tàbí sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ẹ má sì dà á sínú jẹnẹrétọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì. Fìtílà tàbí sítóòfù tí bẹntiróò bá wọ inú rẹ̀ a máa bú gbàmù, ẹni tí ó sì ṣá ìṣáná sí i kì í ráyè sá. Ẹ dé e pinpin, ẹ kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì gbé e fún àwọn tí ń kó ọ́ìlì àlòkù ní ilé ìtọ́jú ọkọ̀.

FÍFỌ TÁŃKÌ

Bóòtù mẹ́rin ni ó di táńkì Ìjàpá mú. Ẹ tú wọn, kí ẹ gbé e síta. Bí ẹ bá fẹ́ wo inú rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Ẹni tí ó bá ṣá ìṣáná láti fi wo inú táńkì ti wo ohun ìkẹyìn láyé. Táńkì tí ó ṣófo tilẹ̀ léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí afẹ́fẹ́ epo ni ó kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ epo ni ó sì ń bú. Nítorí èyí, bí táńkì bá jò, ẹ má ṣe gbé e fún ẹni tí ń jó irin kí ó kàn bá yín jó o. Èyí tí ó ti jò nítorí ìpáàrà, ó sàn kí ẹ wá òmíràn.

Bí ìpáàrà kò bá pọ̀, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tí ó mọ́, tàbí ẹ̀wọ̀n irin kúkúrú, pẹ̀lú omi ọṣẹ sínú rẹ̀, kí ẹ sì mì í dáadáa bí ẹni mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ dà á nù, ẹ ka ohun tí ẹ dà sí i kí ó má ba ku ọ̀kan sínú. Lẹ́yìn èyí ẹ da ọtí kíkan kún un, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọtí kíkan ni yóò jẹ ìpáàrà tí ó kù. Kí òun náà má baà máa jẹ irin lọ, ẹ fi omi tí a po sódà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó mọ́ ṣàn án, ẹ tún fi omi lásán ṣàn án, kí ẹ sì gbé e sí oòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sùn, nítorí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ a máa tètè dógùn-ún. Ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sí i kí ẹ yí i ká, ẹ ó sì fi epo tuntun díẹ̀ ṣàn án jáde ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e padà.

Nígbà tí táńkì bá wà níta, ẹ fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ àwọn tí ń lẹ táyà fẹ́ inú páìpù irin náà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kí ẹ fi aṣọ funfun gbà á ní ìdí kejì. Bí aṣọ náà bá ti mọ́, páìpù mọ́.

RỌ́BÀ: IBI TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢAHUN

Ẹ gé gbogbo rọ́bà epo tí ẹ bá bá lára rẹ̀ kúrò. Ẹ má ṣe dá ọ̀kan sí nítorí pé ojú rẹ̀ dára. Rọ́bà tuntun kò wọ́n tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ náà. Kí ẹ ra èyí tí a ṣe fún epo ọkọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí i lára. Rọ́bà omi kò ní pẹ́ tí epo yóò fi jẹ ẹ́. Èyí tí Ìjàpá ń lò fẹ̀ tó mílímítà 5 nínú. Kí orí kọ̀ọ̀kan ní òrùka ìdè tirẹ̀, kí a fún un kí ó le, ṣùgbọ́n kí ó má gé rọ́bà. Níbi tí páìpù irin bá sì ti gba inú ihò páànù kọjá, kí a rí i pé òrùka rọ́bà kan wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, páànù yóò máa ha páìpù títí yóò fi lu.

Ó yẹ kí á fi asẹ́ epo kékeré sí ojú ọ̀nà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fi í sí ni mo fẹ́ kí ẹ sá fún, èyí ni òkè ẹ́ńjìnnì, láàárín pọ́ńpù àti kabúrétọ̀. Asẹ́ oníke tí ó so rọ̀ níbẹ̀ a máa fa rọ́bà wálẹ̀, ooru á sì máa rọ̀ ọ́. Ẹ fi sí abẹ́ táńkì ní iwájú, tàbí sí abẹ́ ọkọ̀ kí epo tó dé ẹ́ńjìnnì.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ilẹ̀ wa tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì bàjẹ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa jẹ rọ́bà àtijọ́ kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn ènìyàn wa ní Ìlú Ọba tí wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, epo tí ó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni E10, tí ọtí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ethanol a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ rọ́bà ayé àtijọ́. Kí wọ́n ra E5 fún ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

PỌ́ŃPÙ ÀTI KABÚRÉTỌ̀

Nínú pọ́ńpù ni awọ fẹ́lẹ́ kan wà tí ń jó sókè sódò láti fa epo. Bí awọ yìí bá ti ya, epo lè máa ṣàn gba ibẹ̀ bọ́ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì láìsí ẹni tí yóò rí i. Nítorí náà ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí bẹntiróò, tàbí tí ọ́ìlì bá ga ju àmì òkè lọ, ẹ pààrọ̀ awọ náà tàbí pọ́ńpù, kí ẹ sì da ọ́ìlì náà nù. Lítà méjì àbọ̀ péré ni Ìjàpá ń gbà. Ọkọ̀ tí ó ti sùn pẹ́, ó yẹ kí á pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ bí kò tilẹ̀ rùn.

Nígbà náà ni ó tó kan kabúrétọ̀. Ẹ tú u lórí aṣọ funfun, kí ẹ to àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ti ń yọ wọ́n. Ẹ ó rí ohun kan tí ń léfòó lójú epo bí igbá lójú omi, àti abẹ́rẹ́ kan tí ó ń dí ẹnu ọ̀nà nígbà tí epo bá tó. Bí àtè bá mú abẹ́rẹ́ yìí kí ó má lè dí, epo yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ ó tún rí àwọn ojú epo kéékèèké tí a fi idẹ ṣe, tí a tẹ nọ́ńbà sí lára. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá rí 55, ó túmọ̀ sí pé ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 0.55. Ìdajì mílímítà lé díẹ̀! Ẹ wo bí ìpáàrà ti gbọ́dọ̀ kéré tó kí ó tó dí irú ihò bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe fi wáyà tàbí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún ihò yìí. Idẹ rọ̀, ihò yóò fẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa mu epo bí ọ̀mùtí títí ayé rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú oògùn tí a fi ń fọ kabúrétọ̀, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ gbé e sí ojú oòrùn, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ rogodo tí kò ní àbùkù, ó ti mọ́.

Kí ẹ tó dé e, ẹ fi ọwọ́ mi páìpù idẹ kékeré tí rọ́bà epo ń wọ̀ lára kabúrétọ̀. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Nínú ọkọ̀ Ìjàpá tí ó ti dàgbà, páìpù yìí a máa yọ jáde lójijì lójú ọ̀nà, epo a sì máa tú sórí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá mì, ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kí ó tún un kàn, tàbí kí ẹ pààrọ̀ òkè kabúrétọ̀ náà.

ÌGBÀ TÍ A Ó YÍ KỌ́KỌ́RỌ́

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti padà sáyè, ẹ da lítà márùn-ún epo tuntun sí táńkì. Ẹ má tíì so bátìrì. Ẹ dúró fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì wo abẹ́ táńkì bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà ẹ so bátìrì, ṣùgbọ́n kí ẹ yọ okùn iná tí ó lọ sí kọ́ìlì, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí láìgbá. Kí ẹnì kan yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìpaná, kí ó máa wo rọ́bà kọ̀ọ̀kan àti ìdí kabúrétọ̀. Bí epo bá kán sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, ẹ dúró, ẹ tún un ṣe. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, nígbà náà ni kí ẹ so okùn kọ́ìlì padà, kí ẹ sì jí Ìjàpá.

Ẹ má ṣe gbà á lọ sí ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ náà. Ẹ yí àdúgbò ká, ẹ padà wálé, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ yọ asẹ́ epo wò. Ìdọ̀tí tí ó fara pamọ́ yóò ti jáde síbẹ̀. Ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ kò bá sì fẹ́ tún iṣẹ́ yìí ṣe, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ náà tún sùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí a máa wà á jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná dáadáa. Bí kò bá ní rìn fún ìgbà pípẹ́, kí a tú epo rẹ̀ tán pátápátá, ti inú táńkì àti ti inú kabúrétọ̀, kí a sì fi ọ́ìlì díẹ̀ ra inú táńkì. Kí ìwé kékeré kan wà nínú ọkọ̀, kí a kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ rọ́bà síbẹ̀, kí ẹni tí yóò tún jogún rẹ̀ lè mọ̀ bí wọ́n ti dàgbà tó.

Gbogbo iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fífọ táńkì ni yóò sì jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dúró fún ogún ọdún kò ní pàdánù nǹkan kan bí ó bá fi ọjọ́ mẹ́rin kún un.